Kásẹ́ẹ̀tì Kan Nínú Méjìlá

Ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún mi ni pé n kì í ṣe ọmọ wọn.

Abúlé Gbàgyí ni, ọ̀kadà kì í sì í pẹ́ gbéni débẹ̀ láti Kwali, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn àgbà abúlé náà àti yunifásítì kan ní ìgboro Àbújá ló fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí wọ́n kọ́ yàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, kí wọ́n máa kó ohun tí abúlé mọ̀ nípa ara rẹ̀ síbẹ̀: fọ́tò àtijọ́, ìwé tí wọ́n to orúkọ ìdílé sí, àwòrán ààlà oko, àti kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì tí olùkọ́bìnrin kan fi gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Abúlé ló ni gbogbo rẹ̀. Yunifásítì yóò ṣe ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun kan níbẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ohùn náà bá gbà.

Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan pẹpẹ ibẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì bá a kọ ìwọ̀n pákó sílẹ̀, nítorí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ kì í ṣeé kà. Olórí àwọn àgbà wọlé, ó mú ìwé náà nílẹ̀.

“Ta ló kọ èyí?”

“Ìyàwó mi ni, bàbá.”

“Ṣé ó mọ ẹnì kankan nínú agbo ilé wa?”

“Rárá o. Oúnjẹ ló gbé wá fún mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Agbo ilé márùn-ún ló wà níbẹ̀, kálukú ló sì ní ìtàn tirẹ̀ nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bí ọmọ ilé kan bá di kọ́kọ́rọ́ yàrá náà mú, àwọn yòókù yóò ní ó ń pa orúkọ bàbá àwọn rẹ́. Àlejò tí kò ní bàbá níbẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ṣi káàdì kan gbé sí, ènìyàn ló ṣì gbé sí. Mo gba iṣẹ́ náà.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Amọ̀kòkò ni, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Méjìlá nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, ohùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, bí wọ́n ṣe ń pò ó, bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò omi, ìkòkò ọbẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń pọn ọtí. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní yàrá náà, kó wò wọ́n bóyá wọ́n wà níbẹ̀. N kò gbọ́ Gbàgyí, òun náà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà Hausa la fi ń sọ̀rọ̀, tèmi kò sì dán mọ́rán.

“Sànnu, Bàyárábíyà,” ni yóò wí, ìyẹn obìnrin Yorùbá. Kò pè mí ní orúkọ rí. “Ṣé àwọn ọmọ mi jí dáadáa?”

“Wọ́n jí, Màmá. Wọ́n ń kí yín.”

“Irọ́ ni. Wọn kì í kí ènìyàn.”

Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀wé nìkan ni yóò mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òun ló ní ká so òwú mọ́ wọn lára. Òwú funfun, gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ. Òwú pupa, obìnrin nìkan. Àwọn agbo ilé yòókù rí i, wọ́n ní ká so òwú mọ́ tiwọn náà. Òwú dúdú kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo yàrá náà, kásẹ́ẹ̀tì Màmá kan ni mo so ó mọ́.

Orin kan wà tí àwọn obìnrin agbo ilé rẹ̀ máa ń kọ bí ìkòkò bá wà nínú iná. Wọn kì í kọ ọ́ níbòmíràn, wọn kì í sì í gbọ́ ọ níbòmíràn. Bí iná bá ti kú, orin tán, kódà bí wọ́n bá wà láàárín ìlà kan. Olùkọ́bìnrin yẹn gbà á sílẹ̀ nídìí iná gan-an, nígbà tí Màmá àti orogún rẹ̀ jọ ń lé e tí wọ́n ń gbè é. Orogún náà ti kú báyìí. Mo bi Màmá léèrè ìdí tí orin náà fi ní èèwọ̀.

Ó wò mí. “Ṣé wọ́n máa ń kí ènìyàn kú ewu ọmọ níbi tí ọmọ kò sí?”

N kò tún bi í mọ́.

Ẹni tó ń ṣojú yunifásítì jẹ́ obìnrin, ọmọ Èkìtì, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, Dókítà ni mo sì ń pè é. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Nígbà tó tó àkókò láti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì lọ ṣe ẹ̀dà, ó kọ lẹ́tà sí mi pé kí n yọ gbogbo ohun tí a bá so mọ́ wọn kúrò, nítorí òwú lè há sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ṣe ohun tí lẹ́tà wí. Mo gé àwọn òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, mo kọ nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò náà. Nọ́ńbà ọ̀hún ni mo ti fi bírò kọ sára ìwé tó lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn sí ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò ní purọ́.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n kó wọn padà dé. Gbogbo wọn wà nínú páálí tuntun, wọ́n mọ́ tónítóní, nọ́ńbà tuntun tí wọ́n tẹ̀ jáde wà lára wọn, tí wọ́n tò bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́. Nọ́ńbà tèmi kò sí mọ́. Mo kó àpò òwú mi jáde, mo wò wọ́n, mo tún wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó.

Mo pe Dókítà lórí fóònù.

“Dókítà, nọ́ńbà tí mo fi bírò kọ ńkọ́?”

“Ti ara ìwé àtijọ́ yẹn? Wọ́n ti ṣí i kúrò, Àǹtí mi. Ó ti ya yẹ́lẹyẹ̀lẹ.”

“Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tuntun?”

“Ẹ jẹ́ n bi wọ́n.”

Nígbà tó pè padà, kí ó tó sọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́, èmi náà kò sì sọ fún wọn. Lẹ́tà ní kí n yọ òwú, mo yọ òwú. Lẹ́tà kò ní kí n sọ ohun tí òwú wà fún, n kò sọ ọ́.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn kò ṣòro. Àwọn tó ni wọ́n wá, wọ́n gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní “èyí ni,” mo so òwú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n méjìlá ti Màmá, orúkọ rẹ̀ àti “ìkòkò” nìkan ni yunifásítì tẹ̀ sára gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti orin, àfi kó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ láìsí iná ti rú èèwọ̀.

N kò dúró kí Màmá fúnra rẹ̀ rí i. Bó ṣe jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kó méjèèjìlá sí i lẹ́sẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn po.

“Kai. Wọ́n ti fá orí gbogbo wọn.” Ó gbé ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. “Báwo ni mo ṣe máa mọ ọmọ mi?”

“Ẹ̀bi mi ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀bi rẹ ni.”

Dókítà wá bá wa lọ́jọ́ kejì, ojú ń tì í. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá bí ọmọ Èkìtì ṣe máa ń kúnlẹ̀, Màmá sì ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ń túmọ̀ láàárín wọn.

“Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, Màmá. Ẹ̀rọ nìkan ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀.”

“Ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ nìyẹn.”

“Ẹ̀rọ kò ní etí, Màmá.”

“Kí ló wá fi gbà á?”

Dókítà wò mí bí ẹni pé kí n gbà á sílẹ̀. Ó wá dá àbá pé kí wọ́n ti gbogbo méjèèjìlá pa, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ìkankan títí láé.

“Nítorí ewúrẹ́ kan tó ń wúkọ́,” Màmá wí, “ẹ fẹ́ sin gbogbo agbo láàyè? Àwọn ọmọ ọmọ mi ní Dutse Alhaji lẹ́bàá ìgboro, bí mo bá bá wọn sọ Gbàgyí, wọ́n á fi òyìnbó dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń po amọ̀ lẹ́yìn mi, ta ni wọ́n máa bi? Pákó ọkọ ẹni yìí?” Ó fi ẹnu tọ́ka sí mi.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun dì wọ́n. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, mo to méjèèjìlá sí i, ó di í, ó gbé e lé èjìká, ó ń lọ sílé. Ó ní òun ń lọ ronú; bí òun kò bá rí ọ̀nà, òun kò ní kó wọn padà síbí mọ́.

Olórí àwọn àgbà gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Màmá kó tirẹ̀ lọ?”

“Ó ní òun ń ronú, bàbá.”

“Màmá ló kọ́kọ́ kó tirẹ̀ wá. Torí ó kó tirẹ̀ wá làwọn yòókù ṣe kó tiwọn. Bí tirẹ̀ kò bá padà, ọjọ́ Jímọ̀ kò ní tó kí àwọn yòókù tó wá kó tiwọn. Ìwọ á wá máa ṣọ́ pẹpẹ.” Kò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù. 

Nílé, ọkọ mi bi mí bóyá wọ́n máa lé mi. Mo ní ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ìṣẹ́gun ń bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Jímọ̀ kọjá, àwọn yòókù kò tíì kó tiwọn, wọ́n ń wo Màmá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ẹnikẹ́ni kò wá. Mo ti ń gbá ilẹ̀ láti lọ sílé nígbà tí Màmá yọ, òun nìkan, kò gbé nǹkan kan dání.

“Àwọn ìyàwó ilé mọ ìkòkò kí òjò tó dé,” ó wí láìkí mi. “Ó ti gbẹ nínú ilé, wọ́n ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó sun ún. Bí òjò bá lè fún wa láyè, a ó dá iná. Ká gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí iná. Èyí tó bá jẹ́ òun nínú wọn, ó bá iná níbẹ̀.”

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀nà yìí kò wá sí mi lọ́kàn.

Òjò kò tètè fún wa láyè. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí agbo ilé wọn lẹ́yìn tí mo bá ti yàrá, mò ń bá wọn wá ohun gbígbẹ: pòròpórò bàbà tí wọ́n kó sí àjà, koríko, igi. Orí ni mo fi ń ru tèmi. Èjìká ni àwọn fi ń ru tiwọn, ẹrù tó lè fọ́ mi lọ́rùn, wọ́n á gbé e lé èjìká kan, wọ́n á máa rìn lọ. Wọn kì í jẹ́ kí n kọjá láìfi mí ṣẹ̀fẹ̀.

“Ẹ wá wò ó! Orí lọba ara, Bàyárábíyà ti di ẹrù lé ọba lórí!”

“Ọrùn rẹ máa wọ inú àyà, ọkọ rẹ á máa wá ọ kiri!”

“Orí la fi ń ronú,” Màmá wí láti orí ẹní rẹ̀, “tirẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ó wá fi ru igi.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá mi ṣeré láti ọjọ́ tí mo kó wọn sí i lẹ́sẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi èjìká rù ú. Gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta kọjá tí ẹ̀kán òjò kò já, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àárọ̀ ọ̀la ni. Mo pe Dókítà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi wa mọ́tò rẹ̀ dé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀, kó lè pa ti orin náà rẹ́ bí a bá ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin ti jáde nílé. Àwọn ìyàwó ilé da ìkòkò dé sórí òkúta, wọ́n to igi àti pòròpórò yí i ká, wọ́n fi koríko bò ó títí a kò fi rí ìkòkò mọ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣá iná sí i.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé iná koríko kì í pẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì méjìlá, iná kan.

Mo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mi sórí àpótí, mo fi àkọ́kọ́ sí i. Ohùn Màmá jáde, ó ń bá ẹnì kan jà nítorí pé ó da iyanrìn mọ́ amọ̀. Àwọn ìyàwó ilé pariwo ẹ̀rín.

“Yauwa! Ohùn yìí ló fi ń jí wa!”

Ìkejì, ìkòkò ọbẹ̀. Ìkẹta, ìkòkò omi. N kò fẹ́ ṣì í, nítorí náà mò ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́, mò ń yí i síwájú, mò ń tún un gbọ́, mò ń yí i sí ẹ̀yìn kejì. Níbi ìkẹrin, Màmá fi ìka gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ṣé ìwọ fẹ́ gbọ́ ewúrẹ́ inú rẹ̀ náà ni? Iná ń lọ!”

Mo yára. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Koríko ti jó tán, igi ló kù. Dókítà wo iná, ó wò mí. “Àǹtí mi, ó ti ń rọlẹ̀ o.” Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sáré lọ gbé pòròpórò tó kù wá, ó sọ ọ́ sí i. Ìkeje.

Ìkẹjọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn àwọn obìnrin lórí ẹni tí kò pọn omi. Mo rò pé bíi ti ìyókù ni. Mo na ọwọ́ láti yọ ọ́, Màmá sì di ọwọ́ mi mú. Ohùn obìnrin kan tí n kò gbọ́ rí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn tó nípọn, tó dà bí ẹni tí ẹ̀rín kò jìnnà sí. Ó sọ nǹkan, gbogbo àwọn inú kásẹ́ẹ̀tì sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn ìyàwó ilé sún mọ́ rédíò. Èyí àgbà nínú wọn túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: “Ìyá wa kejì tó ti kú ni. Ó ń bi Màmá bóyá ìkòkò ló gbé wá tàbí ẹnu.”

Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀.

N kò ní kọ bó ṣe lọ síbí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń lé, ọ̀kan ń gbè, àti pé nígbà tó yá, mo gbọ́ ìkẹta. Màmá ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Apá tirẹ̀ nìkan ló ń kọ; bó bá kan ti orogún rẹ̀, ó dákẹ́, ó fi sílẹ̀ fún un. Kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Iná mọ́lẹ̀ díẹ̀ lára pòròpórò yẹn, ìkòkò yọ nínú rẹ̀, ó pọ́n yòò. Lẹ́yìn náà, iná já wálẹ̀, ó di ẹyin iná, ó di eérú.

Màmá na ọwọ́, ó fẹ́ pa rédíò fúnra rẹ̀. Kò mọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Ó tẹ èyí tó rí, kásẹ́ẹ̀tì fò jáde, ohùn sì gé.

“Òun nìyí,” ó wí.

Àwọn ìyàwó ilé ti ń fi igi gígùn yọ ìkòkò, wọ́n ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, ó ń hó ṣàà, ó ń di dúdú. Ọ̀kan sán. Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan, ó fi nọ́ńbà tuntun náà hàn mí, ó pa á rẹ́.

“Níbo ló lọ?” Màmá bi í.

“Kò sí mọ́, Màmá.”

“Bàyárábíyà, wò ó.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlá. Dókítà wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀dà mìíràn wà ní ọ́fíìsì. Màmá ní kí n bá a lọ. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kejì, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ títí tó fi pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, ó sì fi ìlà tuntun kún ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kí gbogbo ẹni tó bá ni ohùn lè sọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbọ́ ọ. Mo padà wá sọ fún Màmá pé ojú mi ló ṣe é.

“Ojú rẹ tó,” ó wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ìborùn náà dé lórí èjìká rẹ̀. Ó tú u lórí bẹ́ǹṣì. Mọ́kànlá ni mo kọ́kọ́ rí. Ó di ìkejìlá mú lọ́tọ̀, ó pẹ́ kó tó nà án sí mi.

“Pa á mọ́ fún mi. Ilé mi, òjò ń jò ó. Bí wọ́n bá dá iná, kí o gbé e wá.”

Ó ti dùbúlẹ̀ báyìí, Màmá, kì í lè rìn dé yàrá mọ́, èmi ni mo ń lọ bá a ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí àwọn ìyàwó ilé fẹ́ sun ìkòkò, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀, wọ́n á sì gbé ẹní Màmá síta. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń kọ ohun tó bá jáde ní yàrá sí: ọjọ́ tó jáde, ẹni tó mú un, ìgbà tó padà. Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, ó dúró lórí ìlà kan.

“Àǹtí mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kọ ‘iná’ síbi ẹni tó mú un.”

“Òun ló mú un,” mo ní. “Ó dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n.”